Aṣọ Tó Ń Bá Ni Pẹ́: Bí A Ṣe Ń Tọ́jú Jíìnsì, Adìrẹ àti Òfì

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Òtítọ́ ni. Kí aṣọ tó di àkísà láyé àtijọ́, ó ti bá olówó rẹ̀ jẹ ọdún púpọ̀. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ aṣọ ni kì í pẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún kan péré, wọ́n ti di àkísà. A ó sì máa sọ pé aṣọ ìsinsìnyí kò dára mọ́. Nígbà mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nígbà púpọ̀, kì í ṣe ara wa ni aṣọ náà gbó sí. Inú bàsíà ìfọṣọ ló gbó sí.

Nínú ẹ̀kọ́ yìí, aṣọ líle ni a fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Aṣọ líle ni aṣọ tí a rà pé kí ó bá wa pẹ́. Jíìnsì tí mẹkáníìkì àti bíríkìlà ń wọ̀ ṣiṣẹ́ wà nínú rẹ̀. Adìrẹ aláró wà nínú rẹ̀. Òfì tí ìyá ń fi sílẹ̀ fún ọmọ náà wà níbẹ̀. A ó sọ bí a ṣe ń fọ̀ wọ́n, bí a ṣe ń sá wọn, àti bí a ṣe ń kó wọn pamọ́.

Ohun kan wà tí a fẹ́ kí ẹ máa rántí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Aṣọ ló ń sin ara, kì í ṣe ara ló ń sin aṣọ. Bí a ti ń wá ọ̀nà tí aṣọ yóò fi pẹ́, kí a má ṣe fi ìlera wa tàbí ti ọmọ wa rà á.

KÍ NI ARÓ?

Ọmọ ìyá ni jíìnsì àti adìrẹ aláró. Aró ni ó sọ wọ́n di ọmọ ìyá, nítorí aró kan náà ló wà lára àwọn méjèèjì.

Láti ayé àtijọ́ ni àwọn ìyá aláró wa ti ń ṣe aró láti ara ewé ẹ̀lú. Wọ́n á gún ewé náà nínú odó, wọ́n á mọ ọ́n ní róbótó, wọ́n á sì sá a kí ó gbẹ. Wọ́n á sun igi, wọ́n á kó eérú rẹ̀ sínú ìkòkò tó ní ihò nídìí, wọ́n á sì da omi sí i. Omi tó bá kán sílẹ̀ lábẹ́ ni wọ́n fi ń rẹ ẹ̀lú náà. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí ó tó kan, kí ó tó ṣe é pa aṣọ láró.

Ẹni tó bá ti dúró ti ìkòkò aró rí yóò ti rí ohun ìyanu kan. Nígbà tí wọ́n bá kọ́kọ́ yọ aṣọ jáde nínú aró, kì í dúdú. Àwọ̀ ewé ló máa ń ní, bí ewé tó ń pọ́n bọ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ sí i ni ó ń di dúdú lójú ẹni. Ìdí rẹ̀ nìyí. Aró kì í yòrò nínú omi lásán. Inú omi ìkòkò tó ti kan nìkan ló ti ń yòrò, tí ó sì ń wọ ara òwú. Bí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, ó tún padà di ohun tí kì í yòrò mọ́, ó sì lẹ̀ mọ́ òwú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń ri aṣọ bọ aró léraléra. Bí wọ́n bá ti ń rì í tí wọ́n sì ń fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni aró ń gun orí aró.

Ẹ fi ọkàn bá wa lọ níhìn-ín. Aró lẹ̀ mọ́ òwú, ṣùgbọ́n kò di ara òwú. Ó dà bí ọ̀dà tí a fi kun ògiri. Omi lásán kò lè mú un lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá ń gbo aṣọ náà láàárín ọwọ́ méjì, tàbí tí a ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha á, aró á máa ṣí kúrò díẹ̀díẹ̀.

Àwọn kan máa ń da iyọ̀ sínú omi pé kí iyọ̀ di aró mú. Ẹ má ṣe ara yín ní wàhálà. Iyọ̀ kò lè di aró yìí mú. Ọwọ́ jẹ́jẹ́ ló ń dáàbò bò ó.

Ní ọdún 1897 ni ilé iṣẹ́ BASF ní ilẹ̀ Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí ta aró tí wọ́n ṣe ní ilé iṣẹ́, tí kò ti ara ewé wá. Ohun kan náà ni òun àti aró inú ewé. Irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń pa ọ̀pọ̀lọpọ̀ jíìnsì láró lónìí, ó sì ti dé ọwọ́ àwọn aláró wa náà.

JÍÌNSÌ, AṢỌ IṢẸ́

Aṣọ iṣẹ́ ni jíìnsì láti ìbẹ̀rẹ̀. Télọ̀ kan wà ní ìlú Reno ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Orúkọ rẹ̀ ni Jacob Davis. Ó ń rán ṣòkòtò fún àwọn lébìrà, ṣùgbọ́n etí àpò ṣòkòtò náà máa ń ya. Ó wá fi ìṣó bàbà kéékèèké kan igun àpò náà, wọn kò sì ya mọ́. Ọwọ́ oníṣòwò kan ní San Francisco, Levi Strauss, ni ó ti ń ra aṣọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1873, ìjọba fún àwọn méjèèjì ní ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí. Bí ẹ bá wo igun àpò jíìnsì lónìí, ẹ ó rí ìṣó náà níbẹ̀.

Ẹ yí inú jíìnsì síta kí ẹ wò ó. Inú rẹ̀ funfun ju ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Òwú tó lọ ní òró ni wọ́n pa láró, èyí tó lọ ní ìdábùú funfun ni wọ́n fi í sílẹ̀. Kódà òwú aláró náà, ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni aró mu. Àárín rẹ̀ funfun. Nítorí náà ni orúnkún jíìnsì fi máa ń funfun kí ibòmíràn tó funfun. Ibẹ̀ ni ó ń gbo ara jù.

Wọ́n ti fọ ọ̀pọ̀ jíìnsì ọjà ní ilé iṣẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Jíìnsì òkìrìkà náà, ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́, ó ti fọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n jíìnsì kan wà tí omi kò kàn rí. Ó le gan-an bí páálí, ó dúdú, aró rẹ̀ sì ń ràn mọ́ ọwọ́. Irú èyí máa ń súnkì. Bí wọn kò bá ti mú un súnkì ní ilé iṣẹ́, ó lè fi ìdá kan nínú mẹ́wàá dínkù. Ẹsẹ̀ tó jẹ́ ínǹṣì 30 lè di ínǹṣì 27. Ẹ má ṣe jẹ́ kí télọ̀ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ẹ tó rẹ ẹ́ sínú omi. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fún wákàtí kan, láìfi ọwọ́ gbo ó. Ẹ fi kọ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wọ̀ ọ́ wò, kí ẹ tó pe télọ̀.

ÌGBÀ WO NI KÍ A FỌ̀ Ọ́?

Akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Alberta ní ilẹ̀ Kánádà wọ jíìnsì kan fún oṣù 15 láìfọ̀ ọ́. Wọ́n ka kòkòrò àrùn tó wà lára rẹ̀. Ó wá fọ̀ ọ́, ó tún wọ̀ ọ́ fún ọjọ́ 13, wọ́n sì tún kà á. Iye kòkòrò náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba. Èyí kọ́ wa pé aṣọ líle kò di ohun búburú nítorí pé a wọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tútù ni Kánádà, ìjókòó sì ni iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ń po kọnkéré nínú oòrùn wa kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Òógùn máa ń gbẹ sára aṣọ, yanrìn á sì wọ inú òwú, á máa gé e bí ayùn. Aṣọ tí a kò fọ̀ rárá á gbó, gẹ́gẹ́ bí èyí tí a fọ̀ ní àfọ̀jù. Èyí ni kí a máa ṣe. Bí a bá wọ aṣọ jáde, tí kò dọ̀tí, kí a gbọn eruku rẹ̀, kí a fi kọ́ síbi tí afẹ́fẹ́ wà di ọjọ́ kejì. Bí àbàwọ́n bá wà lójú kan, kí a nu ojú ibẹ̀ nìkan. Bí ó bá ń rùn, tí òógùn gbẹ sí i, tàbí tí ẹrẹ̀ ta sí i, ìgbà náà ni kí a fọ̀ ọ́. Ti àwọ̀tẹ́lẹ̀ àti ìbọ̀sẹ̀ yàtọ̀. Ojoojúmọ́ ni kí a máa fọ ìyẹn.

BÍ A ṢE Ń FỌ AṢỌ ALÁRÓ

1. Ẹ kó ohun tó wà nínú àpò jáde. Ẹ fa síìpù sókè, ẹ de bọ́tìnnì, ẹ sì yí inú aṣọ síta. Bí ohunkóhun bá gbo ó, inú ni yóò gbo.

2. Ẹ ya aṣọ aláró sọ́tọ̀ kúrò lára aṣọ funfun.

3. Bí ẹrẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó gbẹ, kí ẹ gbọ̀n ọ́n dànù. Ẹrẹ̀ tútù tí a bá ń gbo, inú aṣọ ló ń wọ̀.

4. Omi tútù ni kí ẹ lò. Ẹ po ọṣẹ nínú omi títí yóò fi yòrò kí ẹ tó ki aṣọ bọ̀ ọ́. Bí ọṣẹ lúbúlúbú bá dà sára aṣọ kí ó tó yòrò, ó lè ṣí aró lójú ibẹ̀.

5. Ẹ fi aṣọ sílẹ̀ nínú omi ọṣẹ fún ìṣẹ́jú 20 tàbí 30. Ẹ máa fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì máa yí i padà. Ẹ má ṣe là á mọ́ òkúta.

6. Ẹ fi omi tútù ṣan án títí kò fi ní hó mọ́. Ọṣẹ tó kù lára aṣọ máa ń jẹ́ kí ara yún ni.

7. Ẹ má ṣe lọ́ ọ bí okùn. Ẹ tẹ omi kúrò lára rẹ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n kí ó tẹ́jú, kí ẹ fi kọ́.

Ẹ jọ̀wọ́, kí bílíìṣì má ṣe kan aṣọ aláró. Ó ń pa aró, ó sì ń jẹ òwú. Ibi tó bá kàn á pọ́n, kò sì ní pẹ́ tí yóò fi já.

SÍSÁ ÀTI LÍLỌ AṢỌ

Oòrùn máa ń mú kí aró ṣí. Nítorí náà, ibòòji tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ ló dára fún aṣọ aláró. Bí ó bá jẹ́ oòrùn nìkan ló wà, kí inú aṣọ wà níta.

Ṣùgbọ́n ewu kan wà nínú ibòòji. Eṣinṣin kan wà ní ilẹ̀ wa tó fẹ́ràn ibi tí oòrùn kò dé. Ó máa ń yé ẹyin sórí yanrìn tí ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ ti kàn, àti sára aṣọ tí kò tíì gbẹ. Ẹyin náà á pa, á di ìdin kékeré tí ojú kì í tètè rí. Bí ènìyàn bá wọ aṣọ náà, ìdin á wọ inú awọ rẹ̀, ibẹ̀ á sì wú bí eéwo. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ti rò pé eéwo lásán ló mú ọmọ àwọn.

Kí ni kí a ṣe? Kí a má ṣe sá aṣọ sórí ilẹ̀ tàbí sórí koríko. Orí okùn tó ga ni kí a sá a sí, kí a sì tètè ká a bí ó bá gbẹ. Kí a wá lọ̀ ọ́ pẹ̀lú áyọ́ọ̀nù gbígbóná, tinú tẹ̀yìn, pàápàá jù lọ ojú rírán àti ìgbànú ṣòkòtò. Ooru áyọ́ọ̀nù ń pa ẹyin àti ìdin. Aṣọ ọmọ ọwọ́ ni kí a kọ́kọ́ lọ̀. Bí kò bá sí áyọ́ọ̀nù, kí a ká aṣọ náà sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kí ẹnikẹ́ni tó wọ̀ ọ́.

ADÌRẸ ÀTI ÒFÌ

Adìrẹ tuntun máa ń yọ aró. Aró tó pọ̀ jù ló ń jáde yẹn. Ẹ fi omi tútù ṣan án lọ́tọ̀, títí omi yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́, kí ẹ tó wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ aláró ló ń lo sódà dípò omi eérú báyìí, sódà tó bá kù lára aṣọ sì lè jẹ ara. Lẹ́yìn ìyẹn, bí a ṣe ń fọ jíìnsì náà ni kí ẹ máa fọ̀ ọ́.

Òfì yàtọ̀. Ẹni tó bá dé Ìsẹ́yìn yóò rí i pé tín-ín-rín ni wọ́n ń hun ún. Wọ́n á wá rán àwọn tín-ín-rín náà pọ̀ di aṣọ. Bí a bá ki òfì bọ omi, òwú kan lè súnkì ju èkejì lọ, aṣọ á sì wọ́. Àwọ̀ kan náà sì lè ràn mọ́ èkejì. Nítorí náà, a kì í fọ òfì bí a ṣe ń fọ aṣọ mìíràn. Bí a bá ti òde dé, kí a fi kọ́ síbi afẹ́fẹ́ kí òógùn gbẹ, kí a tó ká a. Bí àbàwọ́n bá wà, kí a kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ fi àkísà funfun tútù tẹ igun kan nínú. Bí àwọ̀ bá ràn mọ́ àkísà, ẹ má ṣe fi omi kàn án mọ́. Ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ iṣẹ́ náà.

Sányán tún ń fẹ́ ìtọ́jú ju èyí lọ. Ara ilé kòkòrò ni wọ́n ti ń rí òwú sányán gidi, kì í ṣe ara igi òwú. Ọṣẹ tó le àti bílíìṣì máa ń jẹ irú òwú bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kíjìpá tí àwọn ìyá wa ń hun nípọn, ó sì lágbára. Òun lè fara da omi àti ọṣẹ.

EPO, BẸNTIRÓÒLÙ ÀTI OÒGÙN KÒKÓ

Ẹ̀yin mẹkáníìkì, ẹ gbọ́ o. A mọ̀ pé epo ọkọ̀ kì í tètè kúrò lára aṣọ. A sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi bẹntiróòlù fọ̀ ọ́. Ẹ jáwọ́ níbẹ̀. Ooru bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Ilẹ̀ ló ń rá gbà, ó lè rá dé ìdí iná tó jìnnà, kí iná sì tọ ipa rẹ̀ padà wá bá ẹni tó ń fọṣọ. Ṣòkòtò kan kò tó ohun tí ènìyàn ń jóná fún. Bí epo bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ta sí aṣọ, ẹ bu ẹfun lílọ̀ tàbí ìyẹ̀fun gbẹ́rẹfu lé e kí ó fa epo náà mu. Ẹ gbọ̀n ọ́n dànù, ẹ fi ọṣẹ pa ojú ibẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Bí kò bá lọ tán, ẹ tún un ṣe. Bí ó bá sì kù díẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Aṣọ iṣẹ́ ṣáà ni.

Ẹ̀yin àgbẹ̀ tó ń fọ́n oògùn sí kòkó, aṣọ yín kì í ṣe aṣọ tí à ń wọ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí a tó fọ̀ ọ́. Májèlé wà lára rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ náà ni kí ẹ fọ̀ ọ́. Ẹ má ṣe kó o mọ́ aṣọ ará ilé. Kí ẹni tó ń fọ̀ ọ́ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Kí ó má ṣe ọmọdé tàbí aláboyún. Ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ má sì da omi rẹ̀ sínú odò tàbí sí ẹ̀bá kànga. Bí ògidì oògùn tí a kò tíì lù bá dà sára aṣọ títí tó fi rin, ẹ má ṣe wọ̀ ọ́ mọ́.

KÍKÓ AṢỌ PAMỌ́

Kí a tó kó aṣọ sínú àpótí, kí ó mọ́, kí ó sì gbẹ dáadáa. Aṣọ tútù á bu. Òógùn àti oúnjẹ tó gbẹ sára aṣọ ló sì ń pe aáyán àti kòkòrò ajẹṣọ. Kí a máa kó wọn síta lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí wọn. Kí a sì máa yí ojú ibi tí a ká wọn sí padà, kí wọ́n má baà já níbẹ̀.

Ohun tó kù yìí ṣe pàtàkì ju gbogbo ohun tí a ti sọ lọ. Ọ̀pọ̀ ìyá ló ń fi kánfọ̀ sínú àpótí aṣọ, ìyẹn bọ́ọ̀lù funfun kéékèèké tó ń ta sánsán. Wọ́n á tún kó aṣọ ọmọ tí wọ́n ń retí síbẹ̀. Nínú ọmọkùnrin márùn-ún tí a ń bí ní ilẹ̀ wa, bí ẹyọ kan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní tó nínú ohun kan tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Àwọn ọmọbìnrin kan náà wà bẹ́ẹ̀. Ojú kò lè mọ̀ wọ́n. Bí irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ bá ń fa òórùn kánfọ̀, tàbí tí wọ́n fi aṣọ tó wà nínú rẹ̀ wé e, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè máa bàjẹ́. Ẹyinjú rẹ̀ àti ara rẹ̀ á pọ́n bí omi ìyeyè. Èyí lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó lè di í létí, ó sì lè pa á.

Nítorí náà, ẹ má ṣe fi kánfọ̀ sínú aṣọ ọmọ, sínú ọ̀já, tàbí sínú aṣọ tí ìyá ọmọ ń wọ̀. Bí ojú ọmọ tuntun bá pọ́n, ẹ má ṣe dúró pé oòrùn àárọ̀ yóò wò ó sàn. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Bí kòkòrò bá jẹ òfì, a lè hun òmíràn.

ABẸ́RẸ́ ÀTI ÒWÚ

Ihò kékeré ló ń di ńlá. Bí ẹ bá rí i pé orúnkún tàbí ìdí ṣòkòtò ń tín-ín-rín, ẹ má ṣe dúró títí yóò fi ya. Ẹ lẹ aṣọ líle mọ́ ọn láti inú, kí ẹ rán an yíká, kí ẹ sì rán an kọjá láàárín. Jíìnsì tó ti gbó pátápátá náà wúlò. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kù dára láti fi lẹ òmíràn. Bí aṣọ bá bá wa dé ibẹ̀, àwa náà ti ní àkísà bí àgbà.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ló fà á tí orúnkún jíìnsì fi máa ń tètè funfun?
2. Kí ló yẹ kí a ṣe sí jíìnsì tí omi kò kàn rí, kí télọ̀ tó gé e?
3. Ewu wo ló wà nínú sísá aṣọ sórí ilẹ̀ ní ibòòji? Báwo ni a ṣe lè yẹra fún un?
4. Kí nìdí tí kò fi yẹ kí a fi bẹntiróòlù fọ aṣọ?
5. Ta ni kò gbọdọ̀ fọ aṣọ tí a fi fọ́n oògùn sí kòkó?
6. Ẹ wo inú àpótí yín lónìí. Ǹjẹ́ kánfọ̀ wà nínú aṣọ ọmọ?